Èsì lórí ‘aṣàwákiri òmìnira’ àti ‘kọ̀ǹpútà arúgbó’

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ kú akitiyan lórí àkójọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń ṣe ní èdè wa.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ló dá a lábàá pé kí á máa pe àwọn aṣàwákiri (ìyẹn browser, tí a fi ń ṣí ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì) kéékèèké tí èèyàn díẹ̀ ń ṣe fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní ‘aṣàwákiri òmìnira’. Àbúrò wa kan ní kí á pe kọ̀ǹpútà ọ̀hún ní ‘kọ̀ǹpútà arúgbó’. Bàbá wa tó jẹ́ olùkọ́ sì béèrè ohun tí à bá pe iṣẹ́ àwọn tí kò jẹ́ kí irú sọ́fítíwia bẹ́ẹ̀ kú, torí pé ‘àtúnṣe’ kò tẹ́ Bàbá lọ́rùn. N kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú ‘aṣàwákiri’ fúnra rẹ̀. Ó ti ń wọ ẹnu àwọn èèyàn, ẹ má jẹ́ kí á tún tú u palẹ̀. Àwọn tó kù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí arúgbó bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Títún kọ̀ǹpútà ṣe ni iṣẹ́ mi, ní Under G, lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi kì í ṣe ẹ̀rọ tó ti kú. Gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ mọ́ rekete, èèyàn lè fi tẹ ìwé láti àárọ̀ di alẹ́. Windows 7 ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, kò ju gígábáìtì méjì lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ ṣí ojú òpó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, ojú ewé funfun ni yóò rí, tàbí ìkìlọ̀ pé ìsopọ̀ náà kò láàbò. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé bátìrì roboto kékeré tó wà lórí pátákó inú rẹ̀ ló ti tán, tí déètì ẹ̀rọ fi padà sí 2009. Aṣàwákiri á wo ìwé ẹ̀rí ojú òpó, á rí i pé ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò tíì dé, á sì ti ìlẹ̀kùn. Ìyẹn kò le. A ó pààrọ̀ bátìrì, a ó tún aago ṣe, ó parí.

Èyí tó le ni pé àwọn tó ṣe sọ́fítíwia inú ẹ̀rọ náà ti kẹ̀yìn sí i. Microsoft dáwọ́ ààbò Windows XP dúró ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí Windows 7 ní oṣù kìíní ọdún 2020. Nínú àwọn aṣàwákiri, Firefox 52 ni Firefox tó kẹ́yìn fún XP. Chrome 109, tó jáde ní 2023, ni Chrome tó kẹ́yìn fún Windows 7. Ní 2020 kan náà ni àwọn aṣàwákiri ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í pa TLS 1.0 àti 1.1 tì, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà àti ojú òpó fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Windows XP fúnra rẹ̀ kò sì gbọ́ TLS 1.2 tó tẹ̀lé wọn. Kò sí ohun tó dípẹtà nínú ẹ̀rọ yẹn o. Àwọn kan ló jókòó, tí wọ́n ní ó tó.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ‘arúgbó’. Ọjọ́ orí ni arúgbó ń dá lẹ́bi. Ẹlòmíràn lè ní kí á lo ‘àlòkù’ tàbí ‘tòkúnbọ̀’, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ń sọ ọwọ́ tí ẹ̀rọ ti gbà kọjá ni, wọn kò sọ ipò tó wà. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tó lo ọdún mẹ́ta péré ní ìlú òyìnbó lè máa gba gbogbo àtúntò (update) tuntun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á mú ni ‘àpatì’. Gbogbo wa la ń gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà tí wọ́n bá ń sọ nípa iṣẹ́ àpatì, afárá tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí, ilé ẹ̀kọ́ tí koríko ti hù sí nínú. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ‘iṣẹ́ àpatì’ tí kò ní béèrè pé ta ló pa á tì. Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí ‘kọ̀ǹpútà àpatì’ máa gbé sọ́kàn ẹni. Bí àbúrò mi bá ní àpatì ń bu ẹ̀rọ náà kù, n kò gbà. Ẹni tó pa á tì ló ń bù kù.

Ó kan ‘òmìnira’. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí tóbi ju ẹni tí a fẹ́ fi wọ̀ lọ. Bí a bá ní òmìnira, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ó ń wá sí etí wa, ẹni tó bọ́ lábẹ́ ẹlòmíràn pátápátá. Ẹ wá wò ó. Aṣàwákiri kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì nínú, òun ló ń ka ohun tí ojú òpó kọ tó sì ń yà á sójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kò pọ̀ mọ́. Opera pa tirẹ̀ tì ní 2013 ó sì gba ti Google, Microsoft náà gbé aṣàwákiri rẹ̀, Edge, sórí Chromium, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí Google fi ṣe Chrome, ní 2020. Supermium, tí mo sábà máa ń fi sórí kọ̀ǹpútà Windows 7 tí wọ́n bá gbé wá, Chromium ni nínú, ẹnì kan ló padà jẹ́ kó bá XP, Vista àti Windows 7 mu. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣí ojú òpó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Àmọ́ bí Google bá yí ohun kan padà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, Supermium gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Irú òmìnira wo nìyẹn?

Àwọn tó dá dúró lóòótọ́ wà. NetSurf wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 fún àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo RISC OS dípò Windows, òun ló kọ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Dillo náà wà, láti 1999, ó fúyẹ́ gan-an, kò sì gba JavaScript láàyè, ìyẹn èdè kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ojú òpó fi ń ṣiṣẹ́. Fún ìdí yẹn, ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ kò ní ṣí nínú Dillo, ẹ má fi tan oníbàárà jẹ. Ṣùgbọ́n fún kíka ìwé àti ìròyìn lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kéré, n kò rí irú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí á pè ní ‘aṣàwákiri adádúró’.

Àwọn tó mú kóòdù ẹlòmíràn, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀lé, tí wọ́n sì bá ọ̀nà tiwọn lọ, ‘èéhù’ ni mo dá lábàá. Netscape, aṣàwákiri àtijọ́ kan, ló tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1998, ìyẹn ló di Mozilla, láti ara Mozilla ni Firefox ti wá, láti ara Firefox ni aṣàwákiri Pale Moon ti hù ní 2009. Àwọn kan nínú yín ti sọ ‘ẹ̀ka’, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ṣì wà lára igi, bí a bá gé igi, ẹ̀ka á gbẹ. Èéhù lè jáde lára kùkùté tí wọ́n ti gé, kí ó sì di igi fúnra rẹ̀. Àwọn tó ṣe Pale Moon kò sẹ́ ìbátan náà. Ẹ́ńjìnnì Firefox ń jẹ́ Gecko, ọmọńlé nìyẹn, wọ́n wá sọ tiwọn ní Goanna, orúkọ tí àwọn ará Australia ń pe alángbá ńlá kan tó bá awọ́nríwọ́n wa tan. Inú mi máa ń dùn sí orúkọ yẹn.

Bàbá wa, ọ̀rọ̀ yín ni mo fi kẹ́yìn, òun ló sì ṣòro jù. ‘Àtúnṣe’ dúró de ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. ‘Àbójútó’ ń mú ọ̀gá wá sọ́kàn, ẹni tó ń wo àwọn mìíràn níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe méjèèjì. Ẹ gbé aṣàwákiri TenFourFox yẹ̀ wò. Cameron Kaiser ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010 fún àwọn kọ̀ǹpútà Mac tó ní ṣíìpù PowerPC, àwọn tí Apple fi sílẹ̀ nígbà tó bọ́ sọ́dọ̀ ṣíìpù Intel. Nígbà tó yá, Firefox tuntun kò ṣeé gbé sórí àwọn ẹ̀rọ yẹn mọ́, ó bá dúró lórí ìpìlẹ̀ Firefox 45. Láti ìgbà náà, bí Mozilla bá dí ihò ààbò kan nínú Firefox tuntun, Kaiser ní láti wo bóyá ihò yẹn wà nínú tirẹ̀, kí ó mú àtúntò náà, kí ó tún un gé kí ó bá ìpìlẹ̀ àtijọ́ mu, kí ó sì dán an wò. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lójú ẹni tó ń lò ó, kò sì sí ohun tuntun tó rí. Ó ṣe é títí di 2021. Ohun tí a ń pè ní ‘ìtọ́jú’ nìyẹn, ìtọ́jú tí à ń ṣe fún ọmọ tàbí fún àgbàlagbà nínú ilé, tí kò ní ọjọ́ ìparí. ‘Olùtọ́jú’ sì ni ẹni tó ń ṣe é. Bí Dillo ṣe dákẹ́ lẹ́yìn 2015, olùtọ́jú ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, kóòdù wà níbẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ́wọ́ gbà á, Dillo 3.1 sì jáde ní 2024.

Torí náà, àbá mi fún àkójọ ọ̀rọ̀ wa ni: kọ̀ǹpútà àpatì, aṣàwákiri adádúró, aṣàwákiri èéhù, ìtọ́jú àti olùtọ́jú. ‘Kóòdù’ ni kí á fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí á tó kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń bẹ àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàràpá, pàápàá ẹ̀yin tó bá àwọn àgbẹ̀ dàgbà: ṣé èéhù ni ẹ ń pe èyí tó ń jáde lára kùkùté, àbí ti iṣu nìkan ni lọ́dọ̀ yín? Bó bá jẹ́ ti iṣu nìkan, ẹ fún wa ní ti kùkùté, kí á fi rọ́pò rẹ̀.