Yàrá yìnyín ní Goa: kí ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ja
Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ mi ń kàwé ní Goa, ní Íńdíà. Ó fi fọ́tò ilé ńlá kan ránṣẹ́, lórí òkè létí òkun ní Vasco da Gama. Ó ní ibẹ̀ ni ìjọba wọn ti ń ṣèwádìí òkun àti ilẹ̀ yìnyín, pé yàrá kan wà níbẹ̀ tó tutù dé -20 lórí ìwọ̀n Celsius. Mo ní ẹja wo ni wọ́n kó síbẹ̀? Ó ní yìnyín ni. Yìnyín lásán! Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ta ẹja dídì. Bí iná bá lọ lóru, oorun mi lọ nìyẹn. Ta ló ń sun owó iná lórí yìnyín, nínú irú ooru Goa?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkun
Ẹ kú ọjà, mà. NCPOR ni wọ́n ń pè é, 1998 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Yìnyín ibẹ̀ kì í ṣe ti fìríìjì o. Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé, ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ, bí ẹni ń gbẹ́ kànga, ó sì ń jáde gbọọrọ bí òpó. Òjò dídì ọdún yìí á bo ti èṣí, ti èṣí náà ti bo tèyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ìgbà yẹn á há sínú rẹ̀ bí ìhó ọṣẹ, eérú òkè ayọnáyèéfín náà á wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á rí bí ayé ṣe gbóná sí nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá yọ́, ó ti di omi nìyẹn.

Ooru ibẹ̀ kọ́ ni ká wò, mà. Òjò oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni àgbẹ̀ Íńdíà gbójú lé, òkun ló sì ń gbé e wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wádìí òkun àti bí ojú ọjọ́ ayé ṣe rí látijọ́.

Alákọsílẹ̀
1981 ni Íńdíà kọ́kọ́ rán èèyàn lọ sí Antarctica, S. Z. Qasim, onímọ̀ òkun, ló ṣáájú wọn. Ilé ìwádìí àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1983, Dakshin Gangotri, orí yìnyín ni wọ́n gbé e lé. Yìnyín gbé e mì! Ni wọ́n bá kọ́ òmíràn, Maitri, sórí àpáta. Ilé kẹta, Bharati ti 2012, ni mo fẹ́ràn jù: kọ̀ńténà 134 ni wọ́n tò pọ̀. Kọ̀ńténà bíi ti Àpápá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Àwa náà ní NIOMR, ilé ìwádìí òkun ti Nàìjíríà, ní Victoria Island láti 1975. Àmọ́ ẹja ni tiwọn, kì í ṣe yìnyín.

Ìyá Ẹlẹ́ja
Ẹja ló kàn mí, ọmọ mi, o ṣeun. Lọ́dún tó kọjá, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, páálí páńlá 11 bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sunkún, mo tún yáwó ra òmíràn. Ti àwọn yìí, ọjà wo ni wọ́n á ti rà á? Mo ti ní kí ọmọ mi lọ wo ẹ̀yìn ilé yẹn, kó ka iye jẹnẹrétọ̀ tó wà níbẹ̀ fún mi.