Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ní ilé ìwòsàn erékùṣù: kí la máa parí, kí la máa fi sílẹ̀?

Arìnrìnàjò_Oníwòsàn (ìbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ó ku ọjọ́ 9 kí ẹgbẹ́ wa tó wá ṣe ìwòsàn ọ̀fẹ́ kúrò ní erékùṣù kan nílẹ̀ olóoru. Dókítà 2, nọ́ọ̀sì 3, apoògùn 1 ni wá. Nọ́ọ̀sì ìlú kan ló ń dá ilé ìwòsàn náà ṣe kí a tó dé, òun náà ló sì máa dá a ṣe bí a bá lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé a ń lọ ni èrò ti ń ya wá. Àwọn tó ti ń gbé kókó kiri lára láti ọjọ́ pípẹ́ ní ká gé e fún àwọn kí a tó lọ. Oògùn tó ṣẹ́kù tó páálí 11. Ìgbà wo ló yẹ ká dáwọ́ iṣẹ́ abẹ dúró? Báwo la ṣe máa fa aláìsàn lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́? Oògùn ńkọ́? Àwa fúnra wa ńkọ́, ní ti ibà?

Nọ́ọ̀sì_Yàrá_Abẹ

Ẹ ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá. Okùn tí ẹ fi rán ojú, ọjọ́ 5 lẹ máa tú u. Ti orí, ọjọ́ 7 sí 10. Ti ẹsẹ̀, ọjọ́ 10 sí 14. Ti orí oríkèé, ọjọ́ 14. Kókó ẹsẹ̀ tí ẹ bá gé lónìí, ẹlòmíràn ló máa tú okùn rẹ̀. Ẹ lè ní ẹ ó lo okùn tó ń yọ́ fúnra rẹ̀. Ó dáa, àmọ́ okùn kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Ọgbẹ́ abẹ tó bá máa kó kòkòrò kì í sábà fi hàn kí ọjọ́ 4 tó pé. Ẹni tí ẹ gé ní ọjọ́ 3 kí ẹ tó lọ, inú báàlù lẹ máa wà nígbà tí ọgbẹ́ rẹ̀ bá ń wú.

Nítorí náà, iṣẹ́ abẹ tó lè dúró, ẹ má ṣe é mọ́ bí ó bá ti ku ọjọ́ 7. Eéwo tó ti pọ́n ẹ lè là, torí pé nọ́ọ̀sì kan lè máa wẹ̀ ẹ́ kó sì máa pààrọ̀ gọ́ọ̀sì rẹ̀ lójoojúmọ́. Kókó tí ẹ bá fura sí pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ má gé e láìmọ ẹni tí èsì àyẹ̀wò máa dé sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gé e ti lọ, èsì wá dé, kò sẹ́ni tó mọ ilé aláìsàn: ó burú ju kí ẹ má gé e rárá lọ.

Àwọn tó wà lórí ìlà, ẹ sọ fún wọn lónìí, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn ńlá tó súnmọ́ wọn jù.

Dókítà_Etíkun

Ọ̀rọ̀ aláìsàn ló gba àkókò jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́la. Ẹ má kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà yín, torí ẹ máa gbé kọ̀ǹpútà yín lọ. Ìwé líle kan ni kí ẹ fi kọ ọ́, ojú ewé kan fún aláìsàn kan: orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé, àìsàn tó ń ṣe é, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ ní miligíráàmù, ohun tó kù láti ṣe, ọjọ́ tí a ní láti ṣe é. «Kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ» kò tó. Oògùn wo? Títí dìgbà wo?

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló nílò ojú ewé. Ẹ wá àwọn tí wọ́n máa ṣubú bí oògùn bá dédé dáwọ́ dúró: oníwárápá (gìrì lè mú un láìdáwọ́ bí phenobarbital bá já lójijì), ẹni tó ti lo prednisolone ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ (díẹ̀díẹ̀ la fi ń dín in kù), ẹni tó ń gún insulin, àti ẹni tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó sábà máa ń gba oṣù 6.

Ẹ ṣọ́ra fún ìfẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ enalapril fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó yẹ kí a yẹ kíndìnrín àti potassium rẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Bí kò bá sẹ́ni tó máa gba ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ fún un ní amlodipine bí ó bá wà ní ilé oògùn ìlú náà. Oògùn tí wọn kò lè rà lẹ́yìn tí ẹ bá lọ, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 3 tó kẹ́yìn, kí nọ́ọ̀sì ìlú jókòó sórí àga yín kó máa rí aláìsàn, kí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí ohun tí ìwé yín kò sọ.

Atukọ̀_Oògùn

Páálí 11? Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ jàre. Kí ni wọ́n fẹ́ fi oògùn kọ̀?

Apoògùn_Àgbà

Rárá o, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Oògùn tí ẹ kó sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n, ẹrù lẹ dì lé e lórí. Èyí tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ máa kọ́kọ́ kọjá ni kí ẹ tò síwájú. Ohun tí àjọ WHO ń sọ fún ẹni tó ń fi oògùn tọrẹ ni pé kó ku ọdún kan, ó kéré tán, lórí oògùn nígbà tó bá dé. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn ṣe àwòṣe. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò pẹ́ mọ́, kí nọ́ọ̀sì sọ iye tó máa lò kí ọjọ́ tó kọjá. Iye yẹn nìkan ni kó gbà. Káàdì hóró oògùn tí wọ́n ti gé kù láìsí orúkọ tàbí ọjọ́ lára rẹ̀, àdánù ni.

Èyí tó ti kọjá, ẹ má dà á sínú òkun, ẹ má sì rì í mọ́ ẹ̀bá kànga. Bí kò bá sí ọkọ̀ tó máa kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń jó o dáadáa, ẹ lo dúrọ́ọ̀mù irin tó mọ́: ẹ fi oògùn kún un dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ po ẹfun ìmọlé, sìmẹ́ńtì àti omi ní 15:15:5 ní ìwọ̀n, kí ẹ dà á sí i títí yóò fi kún. Ẹ dí i pa. Agolo tó ń fín, ẹ má fi iná kàn án rárá, ó máa bú.

Morphine, ketamine, diazepam, àwọn oògùn tí òfin ń ṣọ́: ẹni 2 ni kó kà á, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ má dì í sínú báàgì yín láìsí ìwé àṣẹ.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìsí pépà àyẹ̀wò (strip) tirẹ̀ gan-an kò wúlò, ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ yọ bátìrì gbogbo ohun tí a kò ní lò láàárín oṣù kan. Bátìrì máa ń jò, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ etíkun á sì parí ìyókù.

Arìnrìnàjò_Oníwòsàn

Ẹ ṣeun gan-an. Jẹnẹrétọ̀ máa ń kú lóru. Àjẹsára inú fíríìjì ńkọ́?

Apoògùn_Àgbà

2 sí 8°C ni. Ẹ wo àmì ara ìgò tó ń fi ooru hàn: bí onígun mẹ́rin inú bá ṣì funfun ju àyíká ìta lọ, ó dáa. Bí àwọ̀ wọn bá ti dọ́gba, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má sì rò pé ooru nìkan ló ń bà á jẹ́. Àjẹsára tetanus àti hepatitis B, bí wọ́n bá dì pẹ́rẹ́n, wọ́n ti bàjẹ́. Ẹ má fi wọ́n ti ara yìnyín.

Olùṣọ́_Ibà

Ní ti ara yín: ọjọ́ tí ẹ kúrò kọ́ ni oògùn ìdènà ibà ń parí. Doxycycline ojoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ 4 sí i. Mefloquine ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 sí i. Atovaquone-proguanil, ọjọ́ 7 sí i. Ẹ ka hóró rẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi sílẹ̀. Bí vivax, irú ibà kan, bá wà ní erékùṣù yẹn, ó lè sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún oṣù púpọ̀, àwọn oògùn yìí kò sì lè lé e níbẹ̀. Primaquine ló ń ṣe é, àmọ́ àyẹ̀wò G6PD (èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀) ló ń ṣíwájú rẹ̀.

Bí ara bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ délé, títí di ọdún kan, ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀ fún dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọjọ́ yẹn gan-an. Láàárín ọjọ́ 14 àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ dengue, àìsàn mìíràn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ẹ má lo aspirin tàbí ibuprofen, paracetamol ni. Ẹni tó bá wọ omi odò tàbí adágún níbi tí àtọ̀sí ajá wà, kó ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn ìgbà tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Omi òkun kò ní in.

Bí abẹ́rẹ́ tí a ti lò fún aláìsàn bá gún ẹnikẹ́ni nínú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, oògùn ìdènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 la fi ń lò ó. Kó gbé gbogbo ọjọ́ 28 náà dání lọ.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rì sábẹ́ òkun fún ìgbádùn kó tó lọ: bí ó bá rì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wákàtí 18, ó kéré tán, kó tó wọ báàlù.