Kásẹ́ẹ̀tì àkójọpọ̀ kan ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú Navidrome, orúkọ akọrin kò sì jáde: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Adó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mo wà. Kásẹ́ẹ̀tì àlámọ̀, orin ìbílẹ̀ Èkìtì wa, tí màmá mi ti ń kó jọ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni mò ń gbé sórí kọ̀ǹpútà, torí téépù inú wọn ti gbó, òmíràn sì ti ń já. Audacity ni mo fi ń gbà wọ́n sílẹ̀. Mo fi Navidrome, ètò tó ń to orin tó sì ń gbé e jáde fún fóònù, sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan kí gbogbo ará ilé lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù wọn.

Èyí tó jẹ́ ti akọrin kan ṣoṣo kò yọ mí lẹ́nu. Èyí tó jẹ́ àkójọpọ̀ ni wàhálà. Ẹ máa rí kásẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé obìnrin Ìkọ̀lé kan ló kọ orin àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ kan láti Ìjerò tẹ̀lé e, ará Ọ̀yẹ́ tún gbà á lẹ́nu wọn. Mo ti kọ orúkọ wọn sínú orúkọ fáìlì báyìí: nọ́ńbà orin, orúkọ akọrin, àkọlé, pẹ̀lú dáàṣì láàárín wọn. Síbẹ̀ “Unknown Artist” ni Navidrome ń gbé jáde. Àwọn tí mo fọwọ́ kọ orúkọ akọrin sí lára tún wá burú jù: iye akọrin tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ni iye àwo tó ń pín in sí.

Ẹnì kan ní kí n kọ “Various Artists” sí ibi Artist fún gbogbo wọn, pé wọn á so pọ̀. Ọkàn mi kò gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí ti kú, ara páálí kásẹ́ẹ̀tì yìí nìkan ni mo sì ti rí orúkọ wọn rí. N kò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ni yóò ti parẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà wo ló wà?

Ayọ̀ Ìdó
Ẹ lo MusicBrainz Picard, mà. Ọ̀fẹ́ ni. Á gbọ́ orin náà fúnra rẹ̀, á fi wé èyí tó wà nínú AcoustID, àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń dá orin mọ̀, á wá kọ orúkọ akọrin, àwo àti ọdún sí i. Òun ló bá mi tún gbogbo CD àkójọpọ̀ tó wà nílé wa ṣe.

Tísà Kọ̀ǹpútà, Ọ̀yẹ́
Ayọ̀, o ṣeun. Picard dára gan-an fún CD tí iléeṣẹ́ gbé jáde, ṣùgbọ́n orin tí ẹnikẹ́ni kò bá fi sínú AcoustID rí, kò sí bó ṣe fẹ́ dá a mọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àlámọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ìnáwó ní Ìkọ̀lé, ta ni ì bá ti fi í síbẹ̀? Ọwọ́ ni a ó fi ṣe èyí.

Ọmọ Adó, òótọ́ ni ọkàn yín sọ fún yín. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fáìlì orin ní fún orúkọ. “Artist” ni ti ẹni tó kọ orin yẹn gan-an. “Album Artist” ni ti ẹni tó ni àwo náà lódindi. Nínú MP3, TPE1 ni wọ́n ń pe àkọ́kọ́, TPE2 ni wọ́n ń lò fún èkejì. Nínú FLAC, irú fáìlì orin mìíràn, ARTIST àti ALBUMARTIST ni. “Various Artists” tí wọ́n ní kí ẹ kọ, Album Artist ni ààyè rẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ sí Artist, ẹ ti pa orúkọ ìyá yẹn rẹ́ lóòótọ́.

Ìdí tó fi ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni pé Navidrome kì í fi fódà to orin. Táàgì, ìyẹn àwọn orúkọ tí a kọ sínú fáìlì orin, ló ń wò. Ẹ lè kó gbogbo wọn sínú fódà kan, ìyẹn kò sọ wọ́n di àwo kan lójú rẹ̀. Ohun tó ń so wọ́n pọ̀ ni àmì àkójọpọ̀: TCMP nínú MP3, COMPILATION nínú FLAC. Kí ẹ kọ 1 sí i lára gbogbo orin inú kásẹ́ẹ̀tì náà, láìku ẹyọ kan, torí èyí tí kò bá ní i lè yà kúrò lára àwọn tó kù.

Fún iṣẹ́ náà, mo fẹ́ràn Mp3tag, ètò tí a fi ń kọ táàgì. Tó bá jẹ́ Linux ló wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ lo Kid3. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da gbogbo fódà náà kọ sórí fláàṣì kan, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e pamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fódà kásẹ́ẹ̀tì kan nínú Mp3tag, ẹ yan gbogbo orin ibẹ̀, ẹ lọ sí Convert, ẹ tẹ “Filename - Tag”, ẹ wá kọ èyí síbẹ̀:

%track% - %artist% - %title%

Yóò fa orúkọ jáde láti inú orúkọ fáìlì, yóò sì tò ó sí ibi tó yẹ. Ẹ wo àpẹẹrẹ tó máa fi hàn yín kí ẹ tó tẹ OK. Bí orúkọ akọrin kan bá ní dáàṣì nínú, ó lè gé e síbi tí kò yẹ.

Kí gbogbo orin náà ṣì wà ní yíyàn, ẹ lọ sí apá òsì. Ẹ óò rí i pé ó kọ <keep> sí ibi tí nǹkan ti yàtọ̀ síra, bíi Artist àti Title. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó túmọ̀ sí pé kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ orúkọ kásẹ́ẹ̀tì sí Album, ẹ kọ Various Artists sí Album Artist, ẹ tẹ Ctrl+S. Fún àmì àkójọpọ̀, ẹ tẹ Alt+T, ẹ fi ìlà tuntun kan tó ń jẹ́ COMPILATION kún un, kí ẹ kọ 1 sí i.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé
Tísà, ẹ kú làálàá. Tèmi, MP3 tí wọ́n bá mi dà sórí fláàṣì lọ́jà ni. Orúkọ wẹ́bùsáìtì ló wà ní ibi akọrin lára gbogbo rẹ̀, àwọn tó tún ní orúkọ, ó gé e láàárín. Kí ló fà á?

Tísà Kọ̀ǹpútà, Ọ̀yẹ́
Ìyá Ìbejì, àwọn tó gbé orin yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló fi orúkọ ara wọn bo ti olórin mọ́lẹ̀, ìwà tí ń bí mi nínú ni. Tí orúkọ fáìlì bá ṣì pé, ọ̀nà tí mo sọ lókè yẹn á tún un kọ. Èyí tó gé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ táàgì àtijọ́ ID3v1 ti 1996 ni: lẹ́tà 30 péré ló ń gbà fún orúkọ akọrin, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ á gé e. ID3v2, táàgì tuntun tó tẹ̀lé e, kò ní ìdíwọ́ yẹn. Ẹ tún orúkọ náà kọ pé, kí ẹ fi pamọ́.

Afẹ́fẹ́yẹyẹ
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, torí ó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: bí a ṣe ń kọ orúkọ Yorùbá. Ẹ wo Àyìnlá Ọmọwúrà. Tí ẹ bá fi àmì kọ ọ́ lára orin kan, tí ẹ kọ ọ́ láìlámìí lára òmíràn, ẹ lè bá a gẹ́gẹ́ bí akọrin méjì. Ó tún kù: ọ tí ẹ fi fóònù tẹ̀ lè yàtọ̀ sí ọ tí ẹ fi kọ̀ǹpútà tẹ̀. Ọ̀kan lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kọ̀ǹpútà mọ̀ sí U+1ECD, ìkejì kó jẹ́ o lásán tí wọ́n fi àmì U+0323 sí nídìí. Ojú wa kò lè rí ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà rí i. Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ wá máa dà á kọ láti ibẹ̀. Ẹ má tìtorí èyí yọ àmì kúrò o. Orúkọ wọn ni.

Bàbá Ìdó
Ọmọ mi, o káre. Nípa ti àlámọ̀, mọ̀ pé orúkọ ara páálí lè jẹ́ ti ẹgbẹ́, kó má jẹ́ ti ẹni tó ń dá orin. Bí o bá mọ ẹni tó ń dá a, kọ ọ́. Bí o kò bá mọ̀, má ṣe méfòó. Kọ pé “a kò tíì mọ̀ ọ́n”, kí o sì kọ orúkọ ìlú sí ibi àlàyé, torí ẹ̀ka èdè tó fi kọrin yóò ran ẹni tó bá tún gbọ́ ọ lọ́wọ́. Má fi orúkọ ìlú há àárín orúkọ èèyàn.

Ọmọ Adó
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹ ṣé, Tísà. Mo ti ṣe kásẹ́ẹ̀tì kan, ó ti di àwo kan ṣoṣo, orúkọ oníkálukú sì wà lábẹ́ orin rẹ̀. Inú màmá mi dùn púpọ̀, wọ́n ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè méjì ló kù: tí mo bá mọ ẹni tó ń dá orin, tí mo sì mọ ẹgbẹ́ tó ń gbè é, ṣé mo lè kọ méjèèjì? Èkejì, WAV ni mo fi gba àwọn kan sílẹ̀. Ṣé kò léwu?

Tísà Kọ̀ǹpútà, Ọ̀yẹ́
Ẹ kọ méjèèjì sí Artist, kí ẹ fi \\ sí àárín wọn nínú Mp3tag, á kà wọ́n sí orúkọ méjì. Ẹ má lo kọ́mà. Ní ti WAV, ohùn rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò kì í ka táàgì ara rẹ̀ dáadáa. Ẹ fi Audacity sọ ọ́ di FLAC: ohùn kò ní dín kù, táàgì á dúró, kò sì ní gba ààyè tó WAV. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ tẹ àmì tó wà lókè lápá ọ̀tún Navidrome, ẹ yan Full Scan. Ó máa gba àkókò díẹ̀, ẹ rí i pé bátìrì ti kún, ẹ mọ bí iná Adó ṣe rí.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé
Ọmọ Adó, èyí tí ẹ kò bá mọ akọrin rẹ̀ nínú ti Ìkọ̀lé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìyá ọkọ mi wà nínú ẹgbẹ́ àlámọ̀ nígbà kan, wọ́n máa ń fi ohùn mọ èèyàn. Ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀ orin nìkan, dátà wọ́n.