Àwo àkọ́kọ́ Roxy Music, ẹgbẹ́ eléré ilẹ̀ Britain: báwo ló ṣe dé etí tiyín?

Ará Peckham:
Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ni mo ti rà á, nítorí àwòrán ara rẹ̀. Obìnrin kan ló rọra fẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀, tó kun ètè. Mo ṣe bí òun ló ń kọrin. Kari-Ann Muller ni, mọ́dẹ́ẹ̀lì. Inú páálí àwo ni àwòrán àwọn eléré fúnra wọn wà. Oṣù kẹfà ọdún 1972 ni Island Records gbé e jáde.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ariwo èèyàn, àti ife tó ń kanra wọn. Mo lọ ṣílẹ̀kùn wò, mo rò pé ará ilé òdìkejì ló ń ṣe fàájì. Àṣé inú orin ni! Bryan Ferry, akọrin wọn, wá lanu, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe ègbè: CPL 593H. Mi ò gbọ́ ọ kọjá orin kẹta. Ó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fún bí oṣù mẹ́fà.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, mò ń ro ọkà, ni mo tún gbé e sórí ẹ̀rọ. Níparí orin àkọ́kọ́ yẹn kan náà, "Re-Make/Re-Model", ni ọwọ́ mi dúró lórí omorogùn. Wọ́n ń dákẹ́, wọ́n ń fún ara wọn láyè lọ́kọ̀ọ̀kan. Gìtá béèsì Graham Simpson fa orin àwọn Beatles yọ, "Day Tripper". Sasofóònù Andy Mackay mú ti Wagner, òǹkọrin ará Jámánì ayé àtijọ́. Ẹ̀rọ orin Brian Eno, synthesizer, náà han tirẹ̀.

Bàbá mi lu gángan fún ẹgbẹ́ eléré jùjú kan n'Íbàdàn. Bí ọ̀gá bá ti yọwọ́ tó ní kí ìlù sọ̀rọ̀, bàbá mi kì í wá ọ̀rọ̀ tuntun. Òwe tí gbogbo agbo mọ̀, tàbí ègbè orin ọlọ́rin, ló máa fi lù, àwọn èèyàn á sì hó yèè torí wọ́n gbọ́ ohun tí ìlù wí. Ohun tí àwọn eléré Roxy Music mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ṣe nìyẹn. London ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, kí wọ́n tó bí mi, ọwọ́ bàbá mi ni mo sì ń gbọ́.

Ará Abẹ́òkúta:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà Fela lèmi gbà débẹ̀. Lọ́dún 2014 ni àpótí àwo Fela tí Eno fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà jáde. Mo ní, ta ni òyìnbó yìí? Mo wá ìlù Tony Allen, onílù Fela, títí nínú Roxy Music, mi ò rí i. Paul Thompson, onílù wọn, ń lu tirẹ̀ gbọn-in gbọn-in, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ìbẹ̀rẹ̀ "Ladytron" ló mú mi, níbi tí fèrè oboe Mackay ti ń dún jẹ́jẹ́ lórí ẹ̀rọ Eno. Inú gosiló Berger ni mo wà, mi ò sì fẹ́ kí ọkọ̀ rìn mọ́.

Ṣé orin wọn "Virginia Plain" wà nínú àwo tiyín?

Ará Peckham:
Kò sí, àbúrò. Oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni wọ́n tó gbé ìyẹn jáde lọ́tọ̀, ó sì dé ipò kẹrin ní Britain. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi kún un. Orin dáadáa ni, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Bí Ferry bá ti sunkún tán nínú "If There Is Something", dùùrù "2HB" ni etí mi ń retí.