Àìtú ọ̀rá ni, kì í ṣe ìkọ́rápamọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa níbi ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń kọ ìtàn iṣẹ́ Roscoe Brady, oníṣègùn olùwádìí ará Amẹ́ríkà, ní Yorùbá, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó ní kí á bá òun wá ọ̀rọ̀ fún lípíìdì, fún mẹtabọ́lísíìmù (bí ara ṣe ń tú nǹkan tó sì ń tò ó), àti fún irú àrùn tí Brady fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lipid storage disease. Bàbá wa olùkọ́ èdè dáhùn pé: ọ̀rá, ìdà ọ̀rá, àrùn ìkọ́rápamọ́. Ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí i. Mo júbà wọn, ọwọ́ mi ò tó orí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹta yẹn ò gbọdọ̀ gorí pátákó.

Ní 1882, Philippe Gaucher, tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Paris, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí ọlọ inú rẹ̀, èyí tó wà lápá òsì ikùn, wú kọjá ààlà. Ó rò pé jẹjẹrẹ ni. Àrùn yìí ni wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ pè, àrùn Gaucher. Ìgbà tó yá ni àwọn mìíràn rí i pé ọ̀rá kan tí ṣúgà so mọ́ ló kún inú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọlọ inú náà. Kí ló wá fà á tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ara ń ṣe é ní àṣejù ni, àbí ara ò rí i tú? Brady, tó ti wà ní ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda láti 1954, kọ́kọ́ wo ti ṣíṣe. Ara aláìsàn ò ṣe é ju ti aláàfíà lọ. Ni òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá fi kábọ́ọ̀nù onítànṣán sàmì sí ọ̀rá náà, kí wọ́n lè máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹ́ńsáìmù, ìyẹn ohun tó ń mú iṣẹ́ yá nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tó yẹ kó gé ṣúgà yẹn kúrò kò tó nǹkan lára àwọn aláìsàn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965. Láàárín ọdún mélòó kan, ó tún rí irú àbùkù bẹ́ẹ̀ nínú àrùn Niemann-Pick àti àrùn Fabry.

Gbogbo làálàá ọkùnrin yìí ni «ìkọ́rápamọ́» fẹ́ dà nù. Ẹni tó kó nǹkan pamọ́ mọ̀ọ́mọ̀ kó o pamọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì yìí ò pa nǹkan kan mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó mì kó sì tú u. Ara awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn ni ọ̀rá náà ti wá. Ó gbé e mì, kò rí i tú. Kì í ṣe epo inú ọbẹ̀ rárá. Ẹ wá ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìyá ọmọ tó ní àrùn Gaucher bá gbọ́ «ìkọ́rápamọ́» ládùúgbò wa: kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn á ti ní kó má ṣe fún ọmọ lẹ́po jẹ mọ́, ẹlòmíràn á sì bi í pé irú ẹran wo ló ń jẹ nígbà tó lóyún. Ọmọ náà sì lè rù kan eegun. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé «àrùn àìtú ọ̀rá» ló yẹ. Ohun tó bàjẹ́ gan-an ló sọ.

Ẹnì kan ti ní kí á so ó pọ̀, kó di «àìtúrá». Rárá o. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò ní pẹ́ tí yóò fi di «àìtura», tí àwọn èèyàn á máa rò pé ara ló kàn ń ni aláìsàn. Ẹ jẹ́ kó wà ní ọ̀rọ̀ méjì.

«Ìdà ọ̀rá» náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Inú ikùn ni oúnjẹ ti ń dà; bí ẹnì kan bá ní oúnjẹ ò dà nínú òun, kò sẹ́ni tí yóò wo sẹ́ẹ̀lì. Yàtọ̀ sí èyí, ara kì í tú nìkan, ó ń tò pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fún Konrad Bloch àti Feodor Lynen ní ẹ̀bùn Nobel ní 1964 nìyẹn: bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kó ègé tó ní kábọ́ọ̀nù 2 péré jọ, tí yóò tò ó títí yóò fi di kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan tó ní 27. «Dà» ò lè ru ìyẹn. Mo dá «ìtútò ọ̀rá» lábàá. Arábìnrin wa láti Ọ̀yọ́ ti fi ṣẹ̀fẹ̀ pé itọ́ ni òun kà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an, síbẹ̀ n kò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ.

Ti «ọ̀rá» fún lípíìdì, mo gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí ẹ bá béèrè ọ̀rá ní Ọjà Igbó, láílọ́ọ̀nù ni wọ́n máa nà sí yín. Àwọn kan fẹ́ «akọmi», nítorí pé epo, òrí, àdí àti ìda, gbogbo wọn ló kọ omi. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, àmọ́ ọ̀rá tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ní orí tó gba omi tọwọ́tẹsẹ̀. Amúṣẹ́yá fún ẹ́ńsáìmù, ẹ jẹ́ ká gbà á, ká má jà.

Ẹni tó mú «kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere» àti «kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú» wá ní tirẹ̀, ẹ̀yin náà, ẹ ṣe sùúrù. Ẹrù kan náà ni. Alábàárù tó rù ú nínú ẹ̀jẹ̀ ló yàtọ̀. Michael Brown àti Joseph Goldstein, tí wọ́n gba Nobel ní 1985, ló fi hàn pé ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ẹrù náà. Àwọn kan wà tí wọ́n jogún àìní i, ẹrù náà kàn ń rìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni, títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan. Mo ní kí á pe ohun náà ní «asọrù».

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn nínú ìwé ọmọ náà. Oògùn àrùn Gaucher tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1991, láti ara ohun tó máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde lẹ́yìn ìbímọ ni wọ́n ti fa ẹ́ńsáìmù rẹ̀ yọ, kó tó di pé wọ́n rí ọ̀nà mìíràn ní 1994. Èyí tí àwa ń sin, àwọn ṣà á jọ nígbà náà. Ọmọ wa kọ ọ́ báyìí: «wọ́n mú oògùn náà jáde láti inú ibi.» Àmì ohùn ò sì lè gbà wá níbí, torí pé ibi tí à ń sin àti ibi tí à ń sá fún, ohùn kan náà ni. «Ibi ọmọ» ni kó kọ. Àbí «olóbi»? Ẹ̀yin agbẹ̀bí tẹ́ ẹ wà láàárín wa, èwo lẹ̀ ń pè é lẹ́nu iṣẹ́?