Wọ́n ní ká lọ wọn ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú egungun orúnkún àbúrò mi

Àbẹ̀kẹ́, Kétu: Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣan àárín orúnkún ọ̀tún àbúrò mi ọkùnrin já lórí pápá bọ́ọ̀lù lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Kutonu, wọ́n gé nínú iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ láti fi rọ́pò èyí tó já. Ọgbẹ́ ti jinná, àmọ́ títí di òní kò lè na ẹsẹ̀ náà tán. Tó bá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ọwọ́ mi ń gba abẹ́ orúnkún náà wọlé jáde. Ti òsì lẹ̀ mọ́ ẹní pẹrẹsẹ. Dókítà mìíràn wá ní ká lọ ya scanner, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní CT, kí wọ́n wọn ibi tí ihò inú egungun wà. Owó rẹ̀ kò kéré. Ṣé ó pọn dandan? Àbí wọ́n fẹ́ tún un là ni? Ọkàn ìyá wa ò balẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á wò ó sàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára tẹ orúnkún yẹn mọ́lẹ̀ o!

Kiné Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ̀gbọ́n, kiné ni mí, àwa tó ń fi eré ìdárayá tún ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ṣe. Ihò méjì ni wọ́n máa ń gbẹ́, ọ̀kan nínú egungun itan, èkejì nínú egungun ojúgun. Iṣan tuntun gba inú méjèèjì kọjá bí okùn ṣe ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀. Tí ti ojúgun bá sún síwájú jù, iṣan á máa ha mọ́ egungun itan lókè bó bá ń na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò sì ní nà tán. Tó bá jẹ́ ti itan ló sún síwájú, ìgbà tó bá ń ká ẹsẹ̀ ni iṣan á le jù. Ti àbúrò yín jọ ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àpá tó dì sínú orúnkún lè fa irú ẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ wọ̀n ọ́n.

Bàbá Ràmọ́, Àjàṣẹ́: Iṣẹ́ àwòrán egungun ni mo ń ṣe. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá radio (àwòrán X-ray) tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, tó sì péye, ti wà nílẹ̀. Kókó méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ egungun itan gbọ́dọ̀ bo ara wọn nínú àwòrán náà; bó bá fi díẹ̀ yí, ìwọ̀n ti ṣì nìyẹn. Lórí ojúgun, wọ́n á wọn orí egungun láti iwájú dé ẹ̀yìn: nǹkan bí ìdá 43 nínú 100 láti iwájú ni àárín iṣan àdámọ́ máa ń wà. Ti itan, ọ̀nà ìwọ̀n tí àwọn olùwádìí Bernard àti Hertel gbé jáde ní 1997 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò: nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 láti ẹ̀yìn. Àmọ́ ihò kì í sábà hàn kedere lórí radio. Scanner ń fi ibi tó wà hàn, ó sì ń fi bó ṣe fẹ̀ tó hàn. Bó bá ti fẹ̀ jù, wọ́n lè ní láti kọ́kọ́ fi egungun dí i kí wọ́n tó tún iṣan mìíràn fi sí i. MRI, àwòrán mìíràn tí wọ́n ń fi òòfà ńlá yà, ló ń fi iṣan fúnra rẹ̀ hàn.

Àbẹ̀kẹ́, Kétu: Ẹ ṣeun gan-an. Tí wọn ò bá wá rí 43 yẹn ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kiné Ṣábẹ̀ẹ́: Rárá o. Orúnkún ò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Dókítà á fi ìwọ̀n náà wé bí ẹsẹ̀ ṣe ń nà àti bó ṣe ń ká kó tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Mo rò pé ẹ ya scanner náà, torí ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ ò nà. Ẹ gba ìwé iṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, kí ẹ sì gba CD àwòrán, ẹ má gba ìwé àbájáde nìkan. Dókítà á fẹ́ fa ìlà tí wọ́n fi ń wọn ibi tí ihò wà fúnra rẹ̀ lórí àwòrán náà.