Ẹ bá mi wá eré tẹlifíṣọ̀n olówó kékeré tí kò ba ìtàn inú ìwé jẹ́

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Robinson Crusoe àti Treasure Island tán ni, wọ́n sì ń yọ mí lẹ́nu pé àwọn fẹ́ wò ó. Fíìmù olówó ńlá tí a wò kẹ́yìn, ìjà àti iná ló kún inú rẹ̀, ìtàn ti sọnù. Ǹjẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n kan wà tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ tó tẹ̀ lé ìwé?

Arìnrìn-àjò: Kò sí tàbí-ṣùgbọ́n, ẹ wá Robinson Crusoe táwọn ará Faransé ṣe ní 1964. Robert Hoffmann ló ṣe Crusoe, ọkùnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ rì tó sì dá wà ní erékùṣù. Ìpín mẹ́tàlá ni èyí tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bò ní. BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní 1965, wọ́n sì tún un fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Àwòrán dúdú-àti-funfun ni. Erékùṣù Canary ni wọ́n ti yà á, torí náà òkun gidi lẹ ó máa rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé eré náà rù fún ìgbà pípẹ́, ohùn rẹ̀ á sì máa ròyìn ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí kò lówó fún ogunlọ́gọ̀ eléré, irú ìtàn yìí ló yẹ kó mú. Ẹ má fo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o: ìgbì ń ya lu etíkun, orin yẹn sì ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ó dùn dé egungun.

Bàbá Adé: Mo fara mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ìyá wọn jókòó tì wọ́n. Nínú ìwé náà, tó jáde ní 1719, Crusoe ń lọ kó ẹrú ní Áfíríkà ni ọkọ̀ rẹ̀ fi rì. Nígbà tó rí ọkùnrin tó di ìránṣẹ́ rẹ̀ ní erékùṣù náà, ó sọ ọ́ ní Friday, ó sì kọ́ ọ kó máa pe òun ní Ọ̀gá. Ọmọ wa kò gbọdọ̀ wo ìyẹn kọjá láìsí ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Òǹkàwé: Ní ti Treasure Island, èyí tí BBC ṣe ní 1977 ni tèmi. Ìpín mẹ́rin péré ni. Àwọn kan máa ń sọ Long John Silver, olórí àwọn ajalèlókun inú ìtàn náà, di aláriwo. Alfred Burke tó ṣe é níbí kò pariwo, ó ń fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n bẹ̀rù rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ni. Àbúrò wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ńkọ́?

Òǹkàwé: Ẹ fi Crusoe bẹ̀rẹ̀ fún un, ìyá wa. Nínú Treasure Island, Pew afọ́jú á máa fi ọ̀pá kan ilẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà, á sì di ọwọ́ Jim, ọmọdékùnrin inú ìtàn náà, mú pinpin. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní sùn. Bí àwọn ìbejì bá ṣì ń fẹ́ sí i, ẹ fún wọn ní ti 1990 tí Charlton Heston ṣe Silver, tí Christian Bale sì ṣe Jim. Owó tiẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, àmọ́ ó tẹ̀ lé ìwé dáadáa.